Kí Òkúta Ààlà Àkọ́kọ́ Tó Wọlẹ̀

Kábíyèsí, ẹ̀yin ará Alafiarou, ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ìlú tó wà létí ìlú ńlá ṣe ń gbòòrò, àti bí àwọn tó ń sùn níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn ṣe ń gbé pọ̀. Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kan àwa níbẹ̀. Àwa kì í jí ní ìdájí wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Oko iṣu, oko àgbàdo àti oko kajú là ń jí lọ. Ṣùgbọ́n títì tó gba Tchaourou, ìjọba ìbílẹ̀ wa, kọjá lọ sí Parakou, òun náà ló la àárín Abomey-Calavi kọjá kó tó wọ Kutọnu. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará ìsàlẹ̀ títì yìí, àwa tá a wà lókè ṣì láǹfààní láti fi ṣọgbọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni mo mú wá síwájú yín. Ilẹ̀ tí gbogbo ìlú yóò jọ lò, ìgbà tí a kò tíì ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ló yẹ ká yà á sọ́tọ̀. Bí a bá ti tà á, bí wọ́n bá ti kọ́lé sí i, kò sí ẹgbẹ́ tó lágbára tó láti rà á padà.

Ẹ wo ìṣirò ná. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 2002, ará Kutọnu jẹ́ 665,100. Nígbà tí wọ́n tún ka ènìyàn ní 2013, wọ́n jẹ́ 679,012. Fún ọdún mọ́kànlá gbáko, ènìyàn tó kún ìlú tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò tó 14,000. Ṣé wọn kò bímọ ni? Ṣé àwọn ọmọ wa tó ń kó ẹrù lọ sí Kutọnu lọ́dọọdún padà lẹ́yìn ni? Rárá o. Calavi ni wọ́n ń sùn. Ní 2002, ènìyàn 307,745 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Abomey-Calavi. Ní 2013, wọ́n ti di 656,358. Ní apá ìlà-oòrùn, Sèmè-Kpodji kúrò ní 115,238, ó sì di 222,701.

Ìdí rẹ̀ hàn gbangba lórí ilẹ̀. Òkun wà ní gúúsù Kutọnu, ọ̀sà Nokoué wà ní àríwá rẹ̀, gbogbo ìlú náà kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 79 lọ. Ilẹ̀ wọ́n, owó ilé lọ sókè, ẹni tó níyàwó àti ọmọ méjì kò rí yàrá méjì háyà mọ́. Ó wá di kí wọ́n máa kọjá Godomey lọ sórí òkè Calavi. Yunifásítì orílẹ̀-èdè yìí ti wà níbẹ̀ láti 1970, òun ló kọ́kọ́ fa èrò. Àwọn ará Zogbadjè, àdúgbò tó fara ti yunifásítì, rí i pé yàrá kan tí akẹ́kọ̀ọ́ háyà ń mówó wọlé ju oko ẹ̀gẹ́ lọ, ni wọ́n bá ń kọ́ yàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba dé, tíṣà dé, oníṣòwò ọjà Dantokpa ní Kutọnu dé, ọlọ́kadà tí à ń pè ní zémidjan náà dé.

Ẹni tó bá dúró sí Godomey láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀ yóò rí ohun tí mo ń wí. Ọ̀kadà ló kún ojú títì láti etí dé etí, bàbá níwájú, ọmọ méjì tó wọṣọ ilé ìwé láàárín, ìyá lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì ọjà lórí itan. Mọ́tò ńláńlá tó ń bọ̀ láti Malanville, tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lóru, wà láàárín wọn, kò lè yára. Gbogbo wọn dorí kọ ibì kan náà. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn tún dorí kọ ilé, ó sì di aago mẹ́jọ alẹ́ kí àwọn mìíràn tó bọ́ bàtà. Ìjọba ti kọ́ afárá olókè sí Godomey, ó sì mú nǹkan rọrùn, síbẹ̀ títì kan náà ni gbogbo èrò ń rọ́ gbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í fojú kan bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílẹ̀, ibi tí mo ń lọ gan-an rèé: báwo ni wọ́n ṣe ta ilẹ̀ Calavi? Àwọn ìdílé tó ni oko ọ̀pẹ àti oko ẹ̀gẹ́ ló ń gé e tà díẹ̀díẹ̀. Owó ìsìnkú bàbá dé, wọ́n gé pùlọ́ọ̀tì méjì. Ọmọ fẹ́ gbéyàwó, wọ́n gé ọ̀kan. Olùrà gba ìwé àdéhùn, wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀, ó gbé búlọ́ọ̀kù wá. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé ibo ni títì yóò gbà. Ẹnìkọ̀ọ̀kan fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, ó rò pé ẹni tó kọjú sí òun yóò fi ẹsẹ̀ bàtà méjì tirẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹ̀yìn ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí ilé ti kún, ni awọnlẹ̀ wá dé pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní lotissement. Ó ní títì gbọ́dọ̀ kọjá níbí, gọ́tà gbọ́dọ̀ kọjá lọ́hùn-ún. Ibo ni yóò ti rí ilẹ̀ títì? Ara ilẹ̀ ẹni tó ti rà ni yóò ti gé e. Pùlọ́ọ̀tì tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 500 á dín kù. Wọ́n á sọ fún ẹnìkan pé ilé rẹ̀ ti bọ́ sójú títì, pé kó lọ gba ààyè sí ibòmíràn; ibòmíràn náà, ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀, òun náà ní ìwé lọ́wọ́. Ẹjọ́ irú èyí kún kóòtù, àwọn kan sì kú kí ẹjọ́ wọn tó parí.

Ibi tó dùn mí jù ni ti omi. Àfonífojì wà ní apá Godomey, bíi Cocotomey, tí àwọn onílẹ̀ àtijọ́ kì í kọ́lé sí nítorí wọ́n mọ̀ pé omi ló ni ibẹ̀. Nígbà tí èrò pọ̀, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti dínwó, ibẹ̀ ni tálákà ti rí rà. Bí òjò ńlá bá dé, omi á wọ yàrá, wọn á gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù, zémidjan ò ní lè dé ẹnu ọ̀nà, àwọn kan á kó lọ bá mọ̀lẹ́bí títí omi yóò fi fà. Ọdún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn yìí kò gbọ́n. Ẹni tó yẹ kó sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà, kò sọ ọ́.

Wàyí o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé irú ìlú báyìí kò ní ìgbé ayé nínú. Ó ní i dáadáa, ó sì wú mi lórí. Ẹ jẹ́ kí n mú yín rékọjá ibodè díẹ̀, lọ sọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ó fojú hàn jù. Ní 1978 ni wọ́n ṣí títì ńlá tó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn. Mowé, Ìbàfò, Màgbórò, Arẹ́pò, gbogbo wọn ló wà létí rẹ̀ nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Abúlé àgbẹ̀ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ní 1983, ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ sẹ́bàá títì náà, ibẹ̀ sì di ìlú ńlá fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn òṣìṣẹ́ Èkó tí agbára wọn kò ká owó ilé ní Ìkẹjà tàbí Sùúrùlérè bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n bá ilẹ̀, wọn kò bá iná, wọn kò bá omi, wọn kò bá títì.

Ẹgbẹ́ onílé ni wọ́n fi kọ́ àwọn ìlú náà. Ẹ wo ìpàdé kan bí ó ṣe máa ń rí. Wọ́n á to àga oníke sábẹ́ kánọ́pì ní iwájú ilé alága. Wọ́n á gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, Krìstẹ́nì kan, Mùsùlùmí kan. Akọ̀wé á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, wọ́n á ṣàtúnṣe sí i, wọ́n á gbà á wọlé. Akápò á ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè owó tíránsífọ́mà, ojú á ti àwọn kan, àwọn kan á dìde ṣàlàyé pé wọ́n dá àwọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, owó ọdẹ: mélòó ni ọdẹ méjì yóò gbà lóṣù yìí, aago mélòó ni wọ́n yóò máa ti géètì àdúgbò? Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀nà tí òjò ti wọ́: tírípù iyanrìn pupa mélòó ni wọn yóò rà, ta ni ó mọ ẹni tó ní kátápílà? Ayálégbé yóò béèrè bóyá òun náà yóò san owó òpó iná nígbà tí òun lè kó lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n lè fi wákàtí kan jiyàn lórí ìyẹn nìkan. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ìyá, wọn kì í ṣe ọmọ ìlú kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Èkìtì, ọ̀kan jẹ́ Ìgbò, ọ̀kan jẹ́ Ẹ̀gùn láti Badagry. Ṣùgbọ́n wọ́n ra tíránsífọ́mà, wọ́n ra òpó, wọ́n ra wáyà, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ.

Ní Calavi náà, irú rẹ̀ wà. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wà, àjọ àwọn ìyá wà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Kétu, ọmọ Tchaourou, wọ́n ń pàdé ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ń dá owó òkú, wọ́n ń dá owó ìkómọ. Bí ẹnìkan bá ṣaláìsí, àwọn ló ń háyà mọ́tò tí yóò gbé e wálé.

Mo bọ̀wọ̀ fún irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí owó wọn kò lè rà. Owó ẹgbẹ́ lè ra tíránsífọ́mà. Ta ni yóò wó ilé ọgbọ̀n kí àwọn ọmọdé lè ní pápá ìṣeré? Ibo ni wọn yóò ti rí hẹ́kítà mẹ́ta fún ilé ìwé ìjọba láàárín ọgọ́rùn-ún ilé tí ògiri wọn kan ara wọn? Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti ń tajà nítorí kò sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjà, ọkọ̀ sì ń gbá àwọn ìyá ọlọ́jà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé àdáni ló wà nínú ilé gbígbé, ọmọ ogójì nínú yàrá tí wọ́n kọ́ fún bẹ́ẹ̀dì kan.

Àwọn baba wa kò kọ́ ìlú báyẹn. Ọjà Ọba wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Òṣogbo, ó wà ní Àkúrẹ́. Ilẹ̀ olówó iyebíye ni gbogbo wọn lónìí, àárín ìlú gan-an ni, síbẹ̀ ìdílé kan kò lè gé e tà, nítorí láti ìgbà tí ìlú ti wà ni wọ́n ti mọ̀ pé ti gbogbo ìlú ni. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ìpàdé láti dá owó ra ilẹ̀ ọjà nígbà náà.

Ó tún ku ohun kan tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, kí a má baà rò pé bí a bá ti fa títì gbọọrọ, iṣẹ́ ti parí. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, ìjọba àmúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928, Lagos Executive Development Board, pé kó tún Èkó tò. Wọ́n la títì sí Yábàá, wọ́n wọn pùlọ́ọ̀tì, wọ́n gbẹ́ gọ́tà kí èrò tó kó wọlé. Ó sì dára. Títí di òní, ẹni tó bá rin Yábàá yóò rí i pé títì rẹ̀ ṣe tààrà. Ní 1955, àjọ yẹn kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà mọ́, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, títì wà níbẹ̀. Peter Marris, ará Gẹ̀ẹ́sì tó lọ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀ nílé wọn, kọ ohun tó rí sínú ìwé kan tó jáde ní 1961. Ó rí i pé àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní àárín Èkó pàdánù oníbàárà. Owó ọkọ̀ jẹ owó oúnjẹ. Àwọn àgbà tí mọ̀lẹ́bí ń yà kí lójoojúmọ́ di ẹni tí wọ́n ń kí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ ilé tó há, wọ́n sì gba iṣẹ́ òòjọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ilẹ̀ tí a bá yà sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi òwò nínú, ibi tí ìyá kan lè gbé tábìlì sí ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mélòó kan sí ilé rẹ̀. Bí gbogbo ilẹ̀ bá jẹ́ ti yàrá oorun, ìlú náà kò ní bọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wálé. Ìjọba ìbílẹ̀ Tchaourou ju kìlómítà onígun mẹ́rin 7,000 lọ. Ẹ lè gbé Kutọnu sínú rẹ̀ nígbà àádọ́rùn-ún kí ààyè sì ṣẹ́ kù. Ìtóbi yìí ló ń tàn wá, tí a fi ń rò pé ilẹ̀ kò lè tán. Ṣùgbọ́n ní 2002, gbogbo wa jẹ́ 106,852. Ní 2013, a ti di 223,138. Ìlọ́po méjì àti ẹ̀lé, bíi ti Calavi gan-an, láàárín ọdún mọ́kànlá kan náà! Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló wá bá wa. Àgbẹ̀ ni, láti Atacora àti Donga, tí ilẹ̀ wọn ti gbó, tí wọ́n ń wá ibi tí iṣu yóò ti ta. Fúlàní ni, tó ń wá koríko àti omi. Àwọn ọmọ Parakou tó ń ra ilẹ̀ fún kajú náà wà nínú wọn. Àlejò ni gbogbo wọn, a sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Kajú yìí ti so wá mọ́ Calavi báyìí jù bí ẹ ṣe rò lọ. Láti oṣù kẹrin 2024 ni ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó kajú tútù jáde kúrò ní Bẹ̀nẹ̀ mọ́. Nílé ni kí a ti máa ṣe é. Ibi iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n là sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Glo-Djigbé, tí ó tóbi tó hẹ́kítà 1,640, lórí ilẹ̀ Abomey-Calavi àti Zè. Kajú tí a ń ká níbí ń lọ síbẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ń bá a lọ láti wá iṣẹ́. Bí iye tí kajú ń mú wọlé bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wá ra ilẹ̀ oko ní Alafiarou yóò ṣe máa pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ibo ni ọ̀nà màlúù wà? Mo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nítorí òun ló lè fa ìjà láàárín wa kánkán. Àwọn àgbà mọ ibi tí ẹran máa ń gbà lọ mumi. Ẹni tó ra oko lánàá kò mọ̀ ọ́n, ó ti gbin kajú sójú rẹ̀, igi kajú kì í sì í ṣe ohun tí à ń hú lọ́dọọdún bí iṣu. Bí ẹran bá dé ní ẹ̀ẹ̀rùn, darandaran yóò ní ọ̀nà baba òun ni, olóko yóò ní òun ní ìwé, àwọn méjèèjì sì ń sọ òótọ́. Òfin darandaran tí wọ́n ṣe ní 2018 gbà pé ọ̀nà ẹran gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n òfin kò lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà Alafiarou gbà. Àwa àti àwọn àgbà Fúlàní la ó jọ rìn ín, ká fi òkúta sàmì sí i níhà méjèèjì, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Létí odò, kí ẹnikẹ́ni má ta ilẹ̀ rárá. Mo ti sọ ti Cocotomey. Ilẹ̀ ọjà, kí á fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún un, kó lè fẹ̀ nígbà tí àwọn ọlọ́jà bá di ìlọ́po méjì. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ibi ìsìnkú: ẹ ti mọ ìwọ̀nyí, n kò ní fi wọ́n dá yín dúró pẹ́.

Òfin wà lẹ́yìn wa. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, dá ìgbìmọ̀ ilẹ̀ abúlé sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SVGF, láti bá ìgbìmọ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Òfin náà ní bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko tó ju hẹ́kítà méjì lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ohun tó fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe hàn, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí olùrà gé e sí hẹ́kítà kan àbọ̀, kan àbọ̀, lórúkọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, láti yẹ òfin yìí sílẹ̀. Ìdílé tó bá fẹ́ ní ìwé lọ́wọ́ lè béèrè ní ilé mẹ́rì fún ìwé ẹ̀rí pé ilẹ̀ àjogúnbá òun ni. Ṣùgbọ́n kí ìdílé kankan tó lọ gba tirẹ̀, kí ìgbìmọ̀ abúlé kọ́kọ́ kọ ilẹ̀ gbogbo ìlú sílẹ̀, kí ọba, àwọn ìyálọ́jà, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn àgbà Fúlàní tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ̀dà kan wà ní ilé mẹ́rì ní Tchaourou, ẹ̀dà kan láàfin, ẹ̀dà kan ní ilé ìwé níbi tí ọ̀gá tíṣà lè ka á fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè.

Awọnlẹ̀ yóò gba owó, mo mọ̀. Àjọ tí àwọn ìyá ń dá níbí ti kọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ nínú yín, a lè dá irú rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Oṣù kejì ni kajú ń bẹ̀rẹ̀ sí í já, àwọn olùrà ilẹ̀ sì máa ń tẹ̀lé àwọn olùrà kajú wọlé. Mo bẹ Kábíyèsí pé kí wọ́n pe ìgbìmọ̀ SVGF jọ kí ìgbà náà tó dé, kí wọ́n sì fi ọjọ́ tí a ó rin ọ̀nà màlúù náà sí orí ìwé kí ìpàdé tó tú.